Lẹ́tà ṣíṣí sí kóòṣì wa: ọwọ́ ọmọ yẹn kọ́ ló bàjẹ́

Kóòṣì wa,

Ẹ kú iṣẹ́ baseball tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa o. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lẹ sì ní kí n jẹ́ kí eré parí ná. Eré ti parí. Àwọn òbí mìíràn náà ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo wa jọ kà á. Mi ò ní dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ náà. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ ni màá fi máa pè é: Mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ Sátidé ló gbé mi dé ìdí ìwé. Bọ́ọ̀lù kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọjá ni, ẹ yọ ọ́ kúrò ní ipò shortstop, ẹni tó ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta (béèsì ni àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ kàn), ẹ wá yíjú sí èmi tí mo jókòó ti garawa bọ́ọ̀lù, ẹ ní: "Bí Ọlọ́run ṣe dá ọwọ́ yẹn nìyẹn. A lè kọ́ ọmọ bó ṣe máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù, a ò lè fún un lọ́wọ́ mìíràn." Ọmọ náà gbọ́. Okùn bàtà rẹ̀ kò tú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú u, ó ń dè é, títí tí inning yẹn, ìpín eré yẹn, fi parí.

Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo fẹ́ bá yín yanjú. Bí ẹ ṣe yọ ọ́ kò dùn mí. Ẹ̀yin lẹ ni tíìmù, ẹni tí bọ́ọ̀lù méjì bá sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nínú inning kan lè lọ jókòó díẹ̀. Ohun tó dùn mí ni àlàyé tí ẹ ṣe lé e lórí, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì máa ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹ̀yin dúró lápá béèsì kìíní, ìbọ̀wọ́ lẹ ń wò. Gbogbo èèyàn ló ń wo ìbọ̀wọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń hàn. Èmi wà lẹ́yìn béèsì kẹta, mo gbé fóònù dúró lórí garawa, ó ń ya fídíò. Nígbà tí mo délé, mo wò ó díẹ̀díẹ̀, àwòrán lé àwòrán. Lásìkò tí igi kan bọ́ọ̀lù, gìgísẹ̀ Mẹ́rìndínlógún méjèèjì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún rẹ̀ nà gan-n-gan, ó gbé ìbọ̀wọ́ lé itan. Mo wá wo shortstop tíìmù kejì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, ọmọ yẹn á gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú wẹ́rẹ́, á fò díẹ̀, á sì balẹ̀ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ gẹ́lẹ́ bí igi bá ṣe ń kan bọ́ọ̀lù. Àfi bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta. Ìfò yẹn kò ga ju kí bébà gba abẹ́ bàtà kọjá lọ, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Nítorí pé Mẹ́rìndínlógún pẹ́ gbéra, ẹ̀gbẹ́ ló ti bá bọ́ọ̀lù. Ó na apá gbọọrọ, ìbọ̀wọ́ ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń ti ilẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ pàdé, wọ́n sì yà fún ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bọ́ọ̀lù tó bá ta níwájú ìbọ̀wọ́ gẹ́lẹ́ rọrùn láti mú, èyí tó ti ta tipẹ́ tó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ rọrùn láti mú. Àárín àwọn méjèèjì ni wàhálà wà, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń dìde, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá ikùn ló ń bọ̀ wá bá ni tàbí àyà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tètè gbéra á sún síwájú kan tàbí sẹ́yìn kan, á fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan nínú méjì tó rọrùn. Ẹni tó pẹ́, bọ́ọ̀lù ló máa bá a yàn án, bọ́ọ̀lù ò sì lójú àánú. Kí ni ọwọ́ fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ọwọ́ kàn wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn délẹ̀ ni, wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn án.

Àyè tó wà níbẹ̀ kéré ju bí àwọn tó jókòó lórí àga ṣe rò. Ní líìgì àgbà ti Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tó bá fi 100 máìlì láàárín wákàtí kan kúrò lójú igi ń rin nǹkan bíi mítà 45 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹni tó wà ní béèsì kẹta bá dúró ní mítà 30 sí onígi, kò ní pé ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; díẹ̀ ló fi ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Nínú ìyẹn, ojú àti ọpọlọ á ti jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí iṣan kankan tó mira. Àwọn ọmọ wa kì í gbá a le tó bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tiwọn náà kò yá bíi tàwọn àgbà. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ti ná owó tí kò ní.

Ẹ ní ọwọ́ àbínibí ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n bí láìní ọwọ́ ọ̀tún rárá. Jim Abbott, ará Amẹ́ríkà: apá ọ̀tún rẹ̀ kò ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìka tó lè di nǹkan mú. Ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì kan náà ló gbọ́dọ̀ fi mú un. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri bíríkì, ìbọ̀wọ́ á wà lórí apá ọ̀tún rẹ̀, á sì yára ki ọwọ́ òsì bọ inú ìbọ̀wọ́ náà kí bọ́ọ̀lù tó ta padà dé. Bó bá ti mú un tán, ìbọ̀wọ́ á bọ́ sábẹ́ apá, ọwọ́ á yọ jáde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ó ti ṣe tán láti jù ú. Bí èyí bá ti mọ́ ọn lára, á sún mọ́ ògiri sí i kí àyè tó ní lè dín kù. Lọ́dún 1989 ó bọ́ sí líìgì àgbà tààrà láì kọ́kọ́ gba líìgì kékeré, níbi tí àwọn eléré ti ń kọ́ṣẹ́, kọjá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, aṣọ New York Yankees lọ́rùn, ó ju odindi eré kan sí tíìmù Cleveland tí ẹnì kan nínú wọn kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dé béèsì. Pé Ọlọ́run fún un ní apá tó ń ju bọ́ọ̀lù, mo gbà. Híhán èyí tó ń padà bọ̀ wá bá a ńkọ́? Ògiri ló kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àrà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹnì kan láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye. Kí n wá mú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tiwa.

Lọ́dún 2015, Marcus Semien ṣe àṣìṣe 35 (bọ́ọ̀lù tó yẹ kí èèyàn mú tàbí kó jù dáadáa, tó wá bà á jẹ́) ní ipò shortstop fún tíìmù Oakland Athletics. Kò sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì àgbà lọ́dún yẹn. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa rí lára ọmọkùnrin náà, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa mí kanlẹ̀ nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá kọrí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ron Washington, kóòṣì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìbọ̀wọ́, padà sí Oakland, iṣẹ́ tó sì bá níbẹ̀ ni Semien. Bí Washington ṣe ń ṣe é kò ní idán kankan nínú. Á ní kí èèyàn kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, á dúró nítòsí, á máa ta bọ́ọ̀lù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀tún, òsì, àárín, kí ó máa ta níwájú ìbọ̀wọ́ gan-an. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ sá, ọwọ́ nìkan ni yóò kọ́ bí a ṣe ń jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù dípò kí ó dúró dè é. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, á dìde, ẹsẹ̀ á wá bá wọn dá sí i. Lójoojúmọ́ ni, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn àga ṣì ṣófo. Lọ́dún 2021, Semien gba Gold Glove, ẹ̀bùn ẹni tí iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dára jù lọ ní ipò rẹ̀.

Kí n má fi nǹkan pa mọ́ fún yín o: Toronto ló ti gbà á, béèsì kejì ló sì ti gbà á, níbi tí ọ̀nà béèsì kìíní kò ti jìn bíi ti shortstop. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Kí Semien tó dé, Eric Chavez ti gba abẹ́ ọwọ́ Washington yìí kan náà kọjá ní Oakland. Gold Glove mẹ́fà ni Chavez gbà ní béèsì kẹta, láti 2001 títí dé 2006, ọdún kan ò sì yọ sílẹ̀. Ó gbé ọ̀kan nínú wọn fún Washington, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára pé láìsí ọ kò ní ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ló fẹ́ gbé ẹ̀bùn fún olùkọ́ sí?

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ọmọ wa náà lọ kúnlẹ̀. Rárá o. Ìkúnlẹ̀ jẹ́ oògùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó, tó ń nà sí bọ́ọ̀lù bí ẹni fẹ́ lu ejò. Ọwọ́ Mẹ́rìndínlógún rọ̀. Ẹ kàn ju bọ́ọ̀lù sí i bó bá dúró lójú kan, ẹ ó rí i pé kì í dún nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ńṣe ni ó máa ń wọlé bí ẹni tó mọ ilé. Ẹsẹ̀ ni tirẹ̀. Bí a bá fi oògùn orí wo ẹni tí inú ń rùn, tí kò san, a kò lè jáde wá sọ pé àrùn náà kò gbóògùn.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ máa ń mú mi ronú ju ti Semien lọ ni Derek Jeter, torí ìtàn tirẹ̀ kò mọ́ sí apá kan. Lọ́dún 1993, ní Greensboro, ní líìgì kékeré, ó ṣe àṣìṣe 56. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé shortstop kọ́ ni, kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn Yankees, tíìmù tó ni ín, kò gbé e. Bọ́ọ̀lù ti ṣe é léṣe lọ́wọ́ nígbà tí ọdún ń parí lọ, kò lè di igi mú, kóòṣì kan, Brian Butterfield, bá gbà á fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ nìkan, kò sí igi, kò sí nǹkan mìíràn. Ìpalára yẹn ló ṣe é lóore, lójú tèmi. Ta ni nínú wa tó máa fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìgbá bọ́ọ̀lù kan? Ó di shortstop Yankees, ó sì gba Gold Glove márùn-ún kó tó fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù tí èèyàn yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọn ò tún ka àṣìṣe nìkan mọ́, Jeter bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn shortstop ìgbà rẹ̀. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń mú un. Àwọn tó ń gba apá òsì rẹ̀ lọ sí àárín pápá ni kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn aláriwo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ja ìjà tó pọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdánrawò wo ohun tí wọ́n fi í wò sàn. Èyí tí wọn ò fi ọwọ́ kàn, ó wà bó ṣe wà.

Èyí ló mú mi dé orí ìwé ìṣirò wa. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ tó rọ́pò rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan ní eré mẹ́ta. Òótọ́ ni, ọmọ dáadáa sì ni, mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹ rántí bí òfin ṣe rí: ẹni tó ń kọ ìwé kì í kọ àṣìṣe sílẹ̀ àfi bí bọ́ọ̀lù náà bá jẹ́ èyí tí èèyàn lè mú láì ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò ṣẹ̀. Mo padà sínú fídíò, mo ka bọ́ọ̀lù tó gba àárín ọmọ náà àti béèsì kẹta kọjá wọ inú koríko: mẹ́rin. Kò fara kan ọ̀kankan nínú wọn, ìwé ìṣirò sì mọ́ tónítóní. Mẹ́rìndínlógún dé ọ̀dọ̀ méjì irú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú gbogbo pípẹ́ tó pẹ́, méjèèjì yẹn gan-an lẹ tìtorí rẹ̀ yọ ọ́. Ká ní ó dúró wò wọ́n ni, ìwé rẹ̀ náà ì bá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ èyí tó kàn: ìdánrawò wa wà lára ọ̀ràn náà. Mo kà á ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Láàárín wákàtí kan àtààbọ̀, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ mọ́kànlá ló kan ọmọ yẹn. Ìyókù, ó wà lórí ìlà, ó ń dúró de ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá náà wá tààrà sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n kan náà, ìró kan náà, ẹ tilẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó gbá a. Ó mú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ wá sọ fún mi pé, "Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ eré ló máa ń bà á jẹ́." Ọjọ́ eré kò bà á jẹ́, Kóòṣì. Ọjọ́bọ̀ ni kò béèrè ohun tí ọjọ́ eré ń béèrè. Ẹni tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, kí ló fẹ́ fò sí?

Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí méjì kan, Shea àti Morgan, kọ́ àwọn èèyàn ní bí wọ́n ṣe máa yára gbé apá gba oríṣi ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń ṣe ọ̀kan títí wọ́n á fi ṣe é tán kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Àwọn kan ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìmọ èyí tó kàn. Nígbà ìkọ́ni, àwọn tó ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo léraléra ló ń yára jù. Nígbà tí wọ́n wá dán gbogbo wọn wò lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra ló rántí jù. Kì í ṣe baseball ni wọ́n ń wádìí, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí àwọn ọmọdé fún ọdún mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ìdánrawò tó dùn ún wò ń tan kóòṣì jẹ. Bí bọ́ọ̀lù kò bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kankan ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí.

Bọ́ọ̀lù òkè náà kò yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún 1968, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Seville Chapman ṣàlàyé bí ẹni tó wà lẹ́yìn pápá ṣe ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí láìṣe ìṣirò kankan lórí. Bí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tààrà bá ń gòkè lójú rẹ ní ìwọ̀n kan náà, dúró síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Bó bá ń yára gòkè sí i, ó máa ré ọ kọjá, padà sẹ́yìn. Bó bá ń falẹ̀, iwájú rẹ ló máa bọ́ sí, sáré. Ojú ló ń kọ́ èyí, kì í ṣe etí, ariwo "Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn!" tí à ń pa sí wọn kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń fi igi dánra wò, kí wọ́n máa ka bọ́ọ̀lù láti ojú igi wá. Láti ọdún 2015 tí kámẹ́rà Statcast ti wà ní gbogbo pápá líìgì àgbà, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ẹni tó wà lẹ́yìn pápá ṣe rìn jìnnà tó sí apá tó tọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí igi kàn án. Ìfò kékeré tí mò ń pariwo láti òkè ni wọ́n ń bá kiri níbẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sí ohun tí ìdánrawò kì í tún ṣe. Ẹsẹ̀ tí kò yá, a lè mú un yá díẹ̀, a ò lè sọ ọ́ di ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Apá tí kò lágbára láti shortstop dé béèsì kìíní, bó bá ṣe díẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n eré sísá àti títètè gbéra kì í ṣe ọmọ ìyá. Brooks Robinson kò mọ eré sá rárá, gbogbo ayé ló mọ̀, síbẹ̀ ọdún 16 léra, 1960 títí dé 1975, ni wọ́n fi fún un ní Gold Glove béèsì kẹta. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Àti pé bí ipò kan bá kọ ọmọ, òmíràn lè gbà á. Béèsì kẹta ni Alex Gordon ń gbá nígbà tí tíìmù Kansas City mú un lọ́dún 2005. Lọ́dún 2010 wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré kó lọ kọ́ apá òsì lẹ́yìn pápá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó gba Gold Glove níbẹ̀. Mẹ́jọ ló gbà kó tó dáwọ́ eré dúró. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ́ ọ. Wọn ò kàn gbé e lọ síbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábàá dé kó lọ fara pamọ́, èyí tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ wa, ẹ má bínú.

Ohun kan ṣì wà tí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún lójúmọ́ kò fi dandan tún ṣe, òun ni ìgbà tí ọkàn bá kó sí apá. Chuck Knoblauch gba Gold Glove béèsì kejì lọ́dún 1997. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, jíju bọ́ọ̀lù lọ sí béèsì kìíní, ohun tó rọrùn jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, di ohun tí kò lè ṣe mọ́. Àṣìṣe 26 ló ṣe lọ́dún 1999, nígbà tó sì di 2001, ẹ̀yìn pápá ni wọ́n gbé e sí. Steve Sax náà kó sínú irú rẹ̀ lọ́dún 1983, àmọ́ tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mi ò ní sọ sétí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ẹ lè béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí kóòṣì tèmi sọ fún mi pé ọwọ́ mi kú. Mo gbà á gbọ́, mo kó ìbọ̀wọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo lọ gba ìwé ìwakọ̀, wọ́n ní kí n ka àwọn lẹ́tà ara ògiri. Mo bo ojú òsì, mo kà wọ́n. Mo bo ojú ọ̀tún, ara ògiri funfun ni mo rí. Dókítà ojú ní ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ojú kan ni mo fi ń wá bọ́ọ̀lù tó ń ta bọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, tí wọ́n ń bú ọwọ́ mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo ti ní kí ìyá Mẹ́rìndínlógún mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú lọ́sẹ̀ yìí. Bí a bá rí i pé ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, a ti yọ ọ̀kan kúrò nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ ò ní fi àkókò yín sí i, èmi ni màá gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò ní pe orúkọ, mi ò ní gbá méjì tó jọra tẹ̀ léra. Màá ya fídíò ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ká jọ jókòó wò ó, èmi àti ẹ̀yin àti òun. Bí gìgísẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà, ibi tí ẹ bá ní kó lọ náà ló máa lọ, mi ò ní jiyàn mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti ń gbéra tí kò sì tíì dé, èmi fúnra mi ni màá sọ pé ká gbìyànjú béèsì kejì. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ wá ọ̀nà bí ẹ ṣe máa jẹ́ kó gbọ́ pé ẹ ti fi sílẹ̀.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun á dé pápá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó bi mí bóyá kí òun mú ìbọ̀wọ́ tuntun tí bàbá rẹ̀ rà wá. Mo ní kó fi í sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bàtà nìkan ni kó wọ̀ wá.

Èmi ni, onígarawa bọ́ọ̀lù yín.